Ẹni Tó Ya Fọ́tò, Ó Yá Nǹkan: Ẹ̀kọ́ Lórí Kámẹ́rà Kékeré àti Ìrìn Ìgbèríko

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò tàbí èlé orí owó. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kékeré ni a mú wá, èyí tí ènìyàn lè fi sínú àpò bùbá, tí yóò sì máa fi ya àwòrán bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ìgbèríko.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, "Kí ni ti kámẹ́rà nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́?" Ìbéèrè rere ni. Àwa tí a ń ti Ìlọrin lọ bẹ ẹgbẹ́ wò, ẹsẹ̀ ni a fi ń parí ọ̀pọ̀ ìrìn wa. Mọ́tò a gbé wa dé ibi tí ọ̀dà pin sí, ọ̀kadà a gbé wa dé etí odò, èyí tó kù a di ti ẹsẹ̀. Láti ọdún mélòó kan wá ni kámẹ́rà kékeré kan ti ń bá wa rìn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, ó sì ti kó ìtìjú bá wa. Méjèèjì ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ kíyè sí èdè wa. "Yà" ni à ń sọ fún àwòrán, "yá" ni à ń sọ fún owó. Àmì ohùn orí wọn nìkan ló yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju èyí lọ: ẹni tó bá ya fọ́tò ènìyàn, ó yá nǹkan lọ́wọ́ ẹni náà, gbèsè sì ni títí yóò fi san án.

1. IBI TÍ KÁMẸ́RÀ KÉKERÉ TI WÁ

Kámẹ́rà ayé àtijọ́ kì í ṣe ohun àpò. Àpótí pákó ni, orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé e lé, awo dígí ni wọ́n sì ń kì bọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1888 ni George Eastman, ará Amẹ́ríkà, mú kámẹ́rà Kodak jáde, tí fíìmù ká jọ sínú rẹ̀ bí ẹní. Ọgọ́rùn-ún àwòrán ni fíìmù náà ń gbà. Bí ó bá tán, odidi kámẹ́rà ni ẹni tó rà á yóò fi ránṣẹ́ padà sí ilé iṣẹ́. Ní 1900, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà mú Brownie jáde ní dọ́là kan péré, kámẹ́rà sì di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Brownie ni J. D. 'Okhai Ojeikere ti ilẹ̀ wa níhìn-ín rà ní 1950, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Láti 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, irun dídì àti irun kíkó. Ó ya wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kí ó tó kú ní 2014. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ògiri fún ènìyàn wò. Inú kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1977 ni Konica mú kámẹ́rà kékeré kan jáde tó ń fúnra rẹ̀ wo bí ohun tí à ń yà ti jìnnà tó, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́jà. Lónìí, káàdì ti gba ipò fíìmù, kámẹ́rà sì wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ wa. Ohun tí a ó sọ níhìn-ín bá kámẹ́rà àti fóònù mu.

2. OHUN TÍ A Ó MÚ DÁNÍ

Ẹrù ìrìn yìí kò pọ̀: kámẹ́rà, bátìrì kejì, aṣọ rírọ̀ tó mọ́, ọ̀rá tí a ó fi wé e bí òjò bá dé, ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsùlù. Ẹ má ṣe gbàgbé ìwé àti pẹ́ńsùlù. A ó padà sórí wọn.

Ọ̀tá kámẹ́rà méjì ló wà ní agbègbè wa. Èkíní ni eruku ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ojú kámẹ́rà kékeré a máa yọ jáde, a sì máa padà wọlé bí orí ahun. Bí eruku bá lẹ̀ mọ́ ọn tí a sì jẹ́ kí ó padà wọlé bẹ́ẹ̀, ó ti di iyanrìn inú ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ máa fẹ́ eruku náà dànù, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ tó pa kámẹ́rà. Èkejì ni ọ̀rinrin ìgbà òjò, tó máa ń mú kí ojú kámẹ́rà bu. Àwọn àpò wóróbo tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má ṣe dà wọ́n nù. Wọ́n ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ fi wọ́n sínú àpótí tí kámẹ́rà ń sùn sí.

3. ÌMỌ́LẸ̀

Kò sí kámẹ́rà tó lè ya ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò fi hàn. Ní Ìlọrin, oòrùn máa ń gba àtàrí wa gan-an kọjá lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, ní nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí aago kan ọ̀sán bá ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, òjìji ènìyàn a wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá dé fìlà tàbí tó we gèlè, ihò ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, imú rẹ̀ nìkan ni yóò máa dán. Ẹ má ṣe ya ènìyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá mú un wọ abẹ́ igi.

Àkókò tó dára ni kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, àti lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà náà ni oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Poro oko a hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ebè iṣu a ní òjìji tirẹ̀, ògiri amọ̀ a sì pọ́n. Ó dùn mọ́ wa pé àkókò tí àgbẹ̀ ń lọ sóko àti èyí tó ń bọ̀ nílé náà nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sóko tẹ́lẹ̀ kò ní láti wá àyè mìíràn fún kámẹ́rà.

Bí ọyẹ́ bá mú gan-an, ohun tó jìnnà kò ní hàn. Òkè Sóbì pàápàá a dà bí èéfín. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé ọ̀nà jíjìn, kí ẹ ya ohun tó sún mọ́ yín: ewé, ọwọ́ tó ń ṣa irú, ọmọ tó fi aṣọ bo orí nítorí òtútù. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí òjò ti fọ eruku ojú ọ̀run, ni kí ẹ ya òkè àti odò.

4. OJÚ DÚDÚ ÀTI ÒGIRI FUNFUN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rojọ́ pé, "Fọ́tò mi dúdú, n kò mọ ara mi." Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí a yà. Bí wọ́n ti ṣe kámẹ́rà ni pé ó gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ni. Bí ẹ bá gbé ènìyàn dúdú sí iwájú ògiri tí a fi ẹfun kùn, tàbí tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò dín in kù, ojú ènìyàn a sì di èédú.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Ẹ mú ẹni náà kúrò níwájú ògiri funfun, kí ẹ gbé e síwájú ògiri amọ̀ tàbí ewé tútù. Ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n kí oòrùn má ṣe gún un lójú. Ẹ súnmọ́ ọn kí ojú rẹ̀ lè gba àyè nínú àwòrán. Bí kámẹ́rà yín bá ní àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò fún ìmọ́lẹ̀, ẹ tì í sí àmì àròpọ̀ díẹ̀. Ní ti fíláàṣì, kò lágbára ju nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń tan fíláàṣì sí gbogbo ìpàdé láti ẹnu ọ̀nà kàn ń fi bátìrì ṣòfò ni.

5. OHUN TÓ YẸ NÍ YÍYÀ

A máa ń gbọ́ pé, "Kí ni a ó yà ní oko? Oko náà ni." Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà kan fún ogún ọdún kì í rí ọ̀nà náà mọ́. Kámẹ́rà lè la ojú wa padà.

Ọ̀nà tí àwa ń gbà ni pé ibi tí a bá dé, àwòrán mẹ́ta ni a ń yà. Èkíní láti ọ̀nà jíjìn, kí a lè mọ ibi tí a wà. Èkejì láti àárín, kí a lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta láti ìtòsí, kí a lè rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe wàrà ní gáà Fúlàní, ẹ ya gáà náà, ẹ ya ìyá tó ń ṣe é àti ìkòkò rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ya wàrà tó dì. Ẹni tó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ti gbọ́ ìtàn.

Àwòrán tún wúlò fún ohun tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀gbàrá bá ń jẹ ọ̀nà oko ẹgbẹ́ yín, ẹ wá òkúta kan, kí ẹ dúró lé e lórí, kí ẹ ya ọ̀nà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, lọ́dọọdún, orí òkúta yẹn kan náà ni kí ẹ máa dúró sí. Lọ́dún kẹta, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú ìjọba ìbílẹ̀ ju ariwo ẹnu lọ. Nígbà tí àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wa lágbàáyé to ìlànà méje lẹ́sẹẹsẹ ní 1995, ìkarùn-ún nínú wọn ni ẹ̀kọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìròyìn. Fọ́tò tí a yà dáadáa wà lára rẹ̀.

6. ÌYỌ̀ǸDA

A kì í ya ẹni tí a kò kí. Bí ẹ bá wọ abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fún yín ní ẹni tí yóò bá yín rìn. Ní àkókò tí ọ̀nà kò fọkàn balẹ̀ yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá rìn nínú igbó nítorí àwòrán.

Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ kún fún àwọn tí kò fẹ́ fọ́tò nítorí ẹ̀sìn. Bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má sì ṣe lọ fara pamọ́ yà á láti ẹ̀yìn igi. Ẹ má ṣe kọ kámẹ́rà sí ilé ẹlẹ́hàá rárá. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹni tó gbà kí a ya òun kò tíì gbà kí a fi òun ránṣẹ́ káàkiri lórí fóònù. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn méjì ni.

Ibi kan wà tí baálẹ̀ pàápàá kò lè yọ̀ǹda. Bárékè àwọn ológun wà ní agbègbè Sóbì. Òfin àṣírí ìjọba ti ọdún 1962 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya irú ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ya òkè, ẹ wo ohun tó wà níwájú òkè kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú.

7. GBÈSÈ TIWA

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara wa wàyí. Ní abúlé kan tó yà kúrò ní ọ̀nà Àfọ̀n, àwọn obìnrin kan dá ẹgbẹ́, òrí ni wọ́n ń ṣe. A lọ yẹ ìwé wọn wò ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan. Nígbà tí a parí, a ní kí a rìn yí abúlé ká. A bá ìyá àgbà kan tó ń po òrí nínú ọpọ́n, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. A kí i, a tọrọ àyè, ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní kí a ní sùúrù. Ó fọ ọwọ́, ó wọlé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó we gèlè, ó sì padà wá jókòó ti òrí rẹ̀. A yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Sípẹ́kítọ̀, ìgbà wo ni n ó rí i?" A ní, "Ìyá, bí a bá tún ń bọ̀ ni."

A kò tètè padà. Iṣẹ́ gbé wa lọ sí apá ibòmíràn. Nígbà tí káàdì kún, a kó gbogbo àwòrán sínú kọ̀ǹpútà kan, a sì nu káàdì náà kí a lè tún un lò. Kọ̀ǹpútà náà kú ní ìgbà òjò, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ó lé lọ́dún kan kí ẹsẹ̀ wa tó padà dé abúlé yẹn.

A jókòó, a ní kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀yáwó wá. Akápò wọn ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sọ iye tí kálukú yá, ó sọ ọjọ́ tó san án. Ìwé náà mọ́. Nígbà tó parí, ó pa á dé, ó ní, "Sípẹ́kítọ̀, gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè níbí ti san. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù." A rò pé àwàdà ni, a rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá wa rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà náà ti kú. Nígbà tí wọ́n ń múra àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wá fọ́tò rẹ̀ tí wọn ó fi ṣe kàlẹ́ńdà ìrántí, wọn kò rí ẹyọ kan. Gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé sípẹ́kítọ̀ ti yà á, pẹ̀lú gèlè lórí.

A bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ní kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde síta kí a ya fọ́tò fún ìjábọ̀ wa, ẹni mẹ́ta péré ló dìde. Àwa tí à ń kọ́ wọn pé kí á san gbèsè ní ọjọ́ àdéhùn, kí ni a tún lè sọ? A kò rí gbèsè yẹn san títí di òní, kò sì sí oníduúró tó lè bá wa san án.

8. ÌWÉ GBÈSÈ FỌ́TÒ

Láti ìgbà yẹn ni a ti ń kọ ìwé. Ohun tí ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù wà fún nìyẹn. A fa ìlà sí i bí ìwé ẹ̀yáwó, a sì pín in báyìí: ọjọ́ tí a yà á; ibi tí a ti yà á; orúkọ ẹni tí a yà àti bí wọ́n ti ń pè é ládùúgbò; ọjọ́ tí a ṣèlérí; ọjọ́ tí a san. Bí a bá ti padà dé Ìlọrin, a ń gbé káàdì lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ń fọ fọ́tò méjì méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí a yà, ọ̀kan jẹ́ ti àpótí ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ni a ń fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sí, ní etí, kí ó má ba iwájú jẹ́. Bíìkì lè ràn mọ́ fọ́tò mìíràn.

Ẹ má ṣe nu káàdì kí àwòrán tó wà ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ kò bá lè tètè padà sí abúlé kan, ẹ fi fọ́tò rán akọ̀wé ẹgbẹ́ ibẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Owó fífọ fọ́tò kan kò tó owó ọ̀kadà tó gbé yín dé ibẹ̀.

9. OJÚ TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò di ńlá jù, kí ó wo ohun tí àwọn ará wa fi fọ́tò ṣe. Ní 1975, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò wa, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó bá a pé bí ìbejì kan bá kú, onífọ́tò a ya èyí tó kù, a sì fọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó. Fọ́tò náà a wá dúró sí ipò ère ìbejì. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fi fọ́tò ṣeré.

Kí ó tún lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ní ẹ̀bá Òmù-Àrán, ní Kwara wa níhìn-ín. Àwọn ará ìlú ti mọ àwọn ère òkúta ibẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń bọ wọ́n. Ní 1933 ni Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé ìwé ìjọ CMS wò, kọ ìròyìn wọn síta. Alábẹ̀wò bíi tiwa ni òun náà. Ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ibẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìwé ńlá tí Phillips Stevens kọ lórí àwọn ère náà jáde ní 1978, pẹ̀lú àwòrán wọn. Àwọn ère náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó ń fọn fèrè, ẹni tó di irun. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ojú ju ẹgbẹ̀rún lọ, kò sí orúkọ. Àwọn tó gbẹ́ wọn kò ní pẹ́ńsùlù. Àwa ní.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Ta ni ó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ yín? Ǹjẹ́ ó ní fọ́tò ara rẹ̀ nílé?
2. Nínú fọ́tò tó wà nínú fóònù yín, ti ta ni ẹ ṣèlérí tí ẹ kò tíì fún un?
3. Ọ̀nà, odò tàbí igi wo ní abúlé yín ló ń yí padà tó yẹ kí a máa yà lọ́dọọdún? Ibo ni a ó máa dúró sí?
4. Ta ni yóò máa tọ́jú àpótí fọ́tò ẹgbẹ́, ta ni yóò sì máa yẹ ìwé rẹ̀ wò?

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbé ìdáhùn yín wá pẹ̀lú ìwé ìṣirò. Bí ó bá sì jẹ́ àwa ni a jẹ yín ní fọ́tò, ẹ má ṣe tijú láti béèrè. A ó mú ìwé wa dání.